Old Garage, Òṣogbo: Ìtàn Bí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn Ṣe Di Òfin Lọ́wọ́ Wa

Ẹni tó bá wọ kórópe láti Ọjà Ọba, tó ní Old Garage ni òun ń lọ, kò ní láti ṣàlàyé fún awakọ̀. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ ti sọ pé garejì ọkọ̀ ni ibẹ̀ láyé àtijọ́. Ibùdó ọkọ̀ ojú irin kò jìnnà síbẹ̀, àwọn oníṣòwò kò kúrò níbẹ̀, ọlọ́kadà àti awakọ̀ sì ń du èrò mọ́ ara wọn lọ́wọ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn ti wà níbẹ̀ báyìí: ọgbà tí ìjọba Ọ̀ṣun fi sọrí Nelson Mandela, èyí tí gbogbo ìlú ń pè ní Freedom Park. Ibẹ̀ ni olóṣèlú ti ń pàdé èrò, ibẹ̀ ni ẹlẹ́sìn ti ń ṣe ìpàdé ìta gbangba.

Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń gba ibẹ̀ kọjá mọ̀ pé Mandela lo ọdún 27 lẹ́wọ̀n. Ohun tí mo fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ òfin fi sọ́kàn ni pé òfin ló jù ú sẹ́wọ̀n. Lọ́yà ni Mandela. Ní 1952, òun àti Oliver Tambo jọ ṣí ọ́fíìsì lọ́yà ní Johannesburg, àwọn aláwọ̀ dúdú tí òfin ilẹ̀ wọn ń fojú wọn gbolẹ̀ ni wọ́n sì ń gbẹjọ́ wọn rò. Nígbà tí wọ́n dájọ́ ẹ̀wọ̀n gbére fún un ní oṣù kẹfà 1964, adájọ́ jókòó, ẹlẹ́rìí sọ̀rọ̀, lọ́yà ìjọba náà sì sọ tirẹ̀. Ilé aṣòfin ló ṣe òfin ẹlẹ́yàmẹ̀yà, ọlọ́pàá ló ń mú un ṣẹ, ilé ẹjọ́ ló ń fọwọ́ sí i. Ìbéèrè tó bí gbogbo ẹ̀kọ́ òfin ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn wà níbẹ̀: bí òfin fúnra rẹ̀ bá jẹ́ òfin ìkà, kí ni a ó fi mú un? Ìdáhùn tí akẹ́kọ̀ọ́ òfin ń há sórí ní Nàìjíríà títí dòní, ọmọ Iléṣà ló kọ ọ́ sílẹ̀. Màá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Kí òyìnbó tó kọ ìwé òfin kankan fún wa, ilẹ̀ yìí ti mọ ohun tó ń jẹ́ ìnira, ó sì ti mọ bí a ṣe ń kọ̀ ọ́. Ìtàn sọ pé Laróòyè àti Olútìmẹ́hìn ló kó àwọn ènìyàn wọn kúrò ní Ìpólé nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, nítorí ọ̀wọ́n omi, wá sí etí odò Ọ̀ṣun. Nígbà tí ogun tú Ọ̀yọ́ Ilé ká, àwọn tí ogun lé rọ́ wọ Òṣogbo, ìlú náà sì gbà wọ́n. Ìlọrin ká a mọ́ ní nǹkan bí 1840, àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn tí Balógun Odérìnlọ́ ṣáájú ló wá tú ìlú sílẹ̀. Nígbà tí ojú irin tó ti Èkó wá wọ ìlú ní nǹkan bí 1907, Òṣogbo tún di ibi tí ẹ̀yà gbogbo ń sọ̀ sí, tí wọ́n ń ṣòwò, tí wọ́n ń kọ́lé. Ẹ̀tọ́ láti lọ, láti bọ̀, àti láti gbé ibi tó bá wu ọmọ Nàìjíríà, tí abala 41 ìwé òfin ilẹ̀ wa ń sọ, kò ṣàjèjì sí ìlú tí àtìpó àti onílé jọ kọ́.

Ìbàdàn tó gba Òṣogbo sílẹ̀ náà ló wá di ẹrù lórí àwọn mìíràn. Ó fi ajẹ́lẹ̀ sí ìlú Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, ajẹ́lẹ̀ ń gba ìṣákọ́lẹ̀, àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ sì ń ṣe bó ti wù wọ́n nílé onílé. Ìtàn Òkèmẹ̀sí sọ pé ọ̀ràn ìwọ̀sí tí wọ́n fi lọ obìnrin ni ìbínú Fábùnmi fi ru sókè, tó fi pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn tó wà nílùú náà ní 1878. Báyìí ni ogun Kírìjì ṣe gbóná. Èkìtìparapọ̀ kó ara wọn jọ, Ògèdèǹgbé ará Iléṣà di ọ̀gá ogun wọn. Ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án 1886 ni wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà, ìwé náà sì gbà pé Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì kò sí lábẹ́ Ìbàdàn mọ́.

Ohun kan wà nínú ìwé àdéhùn yẹn tí mo máa ń fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wò dáadáa. Ìlú mẹ́rin, Ọ̀tan, Ìrèsì, Àdá àti Ìgbájọ, wà lọ́wọ́ Ìbàdàn lẹ́yìn ogun. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ kúrò nínú àwọn ìlú náà lè kúrò, ẹni tó bá fẹ́ dúró lè dúró. Ẹ wo bó ti tó nǹkan bí ọgọ́ta ọdún kí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó wà láyé, tí àwọn ológun tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún yìnbọn fún ara wọn ti ń gbà pé ènìyàn kì í ṣe ẹrù tí a ń pín mọ́ ilẹ̀.

Kò yẹ kí á kun ìtàn yìí lósùn ju bó ti rí lọ. Ológun Ìbàdàn kó ẹrú, ológun Ìjẹ̀ṣà náà kó ẹrú. Ọmọ ọba Iléṣà kan, Frederick Kúmókùn Haastrup, bá ìjì ẹrú lọ ní kékeré. Ó gba òmìnira, ó di oníṣòwò pàtàkì ní Èkó, ó wà lára àwọn tó ń ti Èkìtìparapọ̀ lẹ́yìn láti Èkó, ó sì padà wá jọba ní Iléṣà ní 1896, Ọwá Ajímókò Kìn-ín-ní. Ìwọ̀fà ńkọ́? Baba jẹ gbèsè, ọmọ ló lọ ń sìn nínú oko olówó, iṣẹ́ tó ń ṣe kò sì dín kọ́bọ̀ kan kù nínú owó náà. Abala 34 ló lòdì sí gbogbo rẹ̀ lónìí: kò sí ìfìyàjẹni, kò sí ẹrú, kò sí iṣẹ́ tipátipá. Bí a bá ń ka abala yẹn, kí á rántí ọmọ ọ̀dọ̀ tí wọ́n mú láti abúlé wá sí ìgboro, tó ń kiri ọjà ní agogo tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní kíláàsì. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ kọ́ ni abala 34.

Àwọn baba wa tún fi ohun rere sílẹ̀. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Lọ́yà tó ṣàlàyé abala 36 láti àárọ̀ di alẹ́ kò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ: kí wọ́n gbọ́ tẹnu ẹni, kí ẹni tó ń dájọ́ má sì jẹ́ ẹni tí ọ̀ràn kàn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Maiduguri ló mú un dé Ilé Ẹjọ́ tó ga jù lọ. Rògbòdìyàn ṣẹlẹ̀ ní ọgbà wọn ní 1983, ilé jóná, ilé ìwé sì lé wọn. Igbákejì ọ̀gá àgbà tó ṣe alága ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀rọ̀ náà wà lára àwọn tí rògbòdìyàn náà kàn gan-an. Ní 1986, ilé ẹjọ́ fagi lé ìyà náà, ó ní ẹ̀sùn tó bá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn, ilé ẹjọ́ ló ni ín, kì í ṣe ìgbìmọ̀ ilé ìwé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá pè síwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí lónìí, kó rántí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọ̀nyí.

Bí ẹ̀tọ́ ṣe wọ ìwé òfin wa kò gba àlàyé gígùn. Ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá 1948 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kéde ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn fún gbogbo ayé. Nàìjíríà ṣì wà lábẹ́ òyìnbó nígbà náà, ẹnikẹ́ni kò bi wá léèrè. Nígbà tí òmìnira kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn ẹ̀yà kéékèèké ń bẹ̀rù pé àwọn ẹ̀yà ńlá yóò gbé àwọn mì. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yan ìgbìmọ̀ Willink ní 1957. Ìgbìmọ̀ náà kò dá ìpínlẹ̀ tuntun sílẹ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ó dámọ̀ràn pé kí wọ́n kọ ẹ̀tọ́ aráàlú sínú ìwé òfin. Láti 1960 ló ti wà nínú rẹ̀, 1963, 1979, títí dé ti 1999 tí a ń lò, níbi tí ó ti wà ní Orí Kẹrin, abala 33 sí 46. Ìbẹ̀rù ló bí i. Mo rò pé ó dára kí ọmọ Yorùbá, tó wà lára àwọn tí ẹlòmíràn ń bẹ̀rù nígbà náà, mọ èyí.

Ó ku ọmọ Iléṣà tí mo mẹ́nu bà lókè. Ní 1925 ni wọ́n bí Káyọ̀dé Ẹ̀ṣọ́. Ó lọ ilé ìwé gírámà Iléṣà, ó kọ́ òfin ní Dublin, ó sì di adájọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà nígbà tí òṣèlú ibẹ̀ ń jó bí iná ọyẹ́. Ọdún 1965 ni ẹjọ́ tó sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká dé iwájú rẹ̀. Ẹnì kan wọ ilé iṣẹ́ rédíò ní Ìbàdàn pẹ̀lú ìbọn, ó gba téèpù ọ̀rọ̀ Prẹ́míà Akíntọ́lá kúrò, ó sì ní kí wọ́n gbé téèpù mìíràn sáfẹ́fẹ́. Wọlé Ṣóyíńká ni wọ́n fẹ̀sùn náà kàn. Gbogbo ẹni tó wà nípò ló ń retí ẹ̀wọ̀n. Ẹ̀ṣọ́ gbọ́ ẹ̀rí, ó rí i pé ẹnu àwọn ẹlẹ́rìí kò kò, ó sì dá Ṣóyíńká sílẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lẹ́yìn náà ló kọ ìwé nípa ẹjọ́ náà, The Mystery Gunman. Ìgboyà tó wà nínú ìdájọ́ ọjọ́ yẹn kò kéré, nítorí ìjọba ọjọ́ náà ló ń fún adájọ́ lóúnjẹ.

Ẹjọ́ tí Ẹ̀ṣọ́ ti kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 18 oṣù kejì 1977, nígbà tí àwọn ọmọ ogun ya bo ilé olórin Fẹlá, Kalakuta, ní Èkó. Wọ́n lu ènìyàn, wọ́n sun ilé, wọ́n sì ju ìyá rẹ̀, Olúfúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì, láti ojú fèrèsé. Ìyá tó lé Aláké kúrò lórí oyè nítorí owó orí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá kò bọ́ nínú ìpalára náà. Ó kú ní oṣù kẹrin 1978. Àwọn tó wádìí ọ̀rọ̀ ní ọmọ ogun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ló sun ilé. Ìdílé náà pe ìjọba àpapọ̀ lẹ́jọ́, ẹjọ́ náà sì gùn títí dé 1985, nígbà tí ó dé iwájú Ilé Ẹjọ́ tó ga jù lọ, tí Ẹ̀ṣọ́ sì kọ ìdájọ́ tó ṣáájú.

Ìdílé Ransome-Kútì pàdánù ẹjọ́ náà, akẹ́kọ̀ọ́ kò sì gbọdọ̀ fò ó. Òfin àtijọ́ tí a jogún lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé ọba kì í ṣẹ̀, nítorí náà a kò lè pe ìjọba lẹ́jọ́ nítorí ohun tí ọmọ ogun rẹ̀ ṣe. Ọ̀ràn náà ti ṣẹlẹ̀ kí ìwé òfin 1979 tó dé, òfin àtijọ́ ló sì ń mú un. Ẹ̀ṣọ́ kò fi bó ti dùn ún pamọ́. Nínú ìdájọ́ yẹn gan-an ló ti sọ ohun tí ẹ̀tọ́ jẹ́: ó ní ó wà lókè àwọn òfin yòókù nílẹ̀, ó sì ti wà kí ìjọba àti ìlú tó wà. Ó tún jẹ́ kó yé gbogbo ènìyàn pé ìwé òfin 1979 ti lé àṣà ọba-kì-í-ṣẹ̀ lọ. Ẹjọ́ tí ìyá náà kò rí gbà lórí ara rẹ̀ ni àwa tó kù fi ń gba tiwa. Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí ìjọba Èkó fi ipá lé Ojukwu kúrò nílé kan ní Ìkòyí nígbà tí ẹjọ́ ṣì wà nílẹ̀, Ẹ̀ṣọ́ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìjọba tó bá gbé ọ̀rọ̀ sọ́wọ́ ara rẹ̀ nígbà tí ilé ẹjọ́ ń wò ó ti tàpá sí òfin, bó tilẹ̀ jẹ́ ìjọba ológun. Ẹ̀ṣọ́ fẹ̀yìn tì ní 1990, ó sì kú ní 2012.

Ológun kò fẹ́ràn irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń ṣe òfin tó ní ilé ẹjọ́ kò gbọdọ̀ wò wọ́n. Ní oṣù kìn-ín-ní 1996 ni àwọn agbófinró ìjọba ológun Abacha lọ gbé lọ́yà Gani Fawẹhinmi nílé rẹ̀ ní Èkó láìsí ìwé àṣẹ, wọ́n fi í sí àtìmọ́lé, wọn kò sọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Ibi tí Gani gbé ẹjọ́ gbà ni ó fi ọgbọ́n rẹ̀ hàn. Àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà ti fọwọ́ sí ìwé ẹ̀tọ́ tiwọn ní 1981, Nàìjíríà sì sọ ìwé náà di òfin ilé ní 1983. Ní 2000, Ilé Ẹjọ́ tó ga jù lọ gbà pé òfin yẹn lágbára ju òfin lásán lọ, bó tilẹ̀ wà lábẹ́ ìwé òfin ilẹ̀ wa. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ òkèèrè ni ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ẹ ka ìwé Áfíríkà náà fún un.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí Old Garage, nítorí ibẹ̀ ni òfin ti ń pàdé ènìyàn. Ọkọ̀ ọlọ́pàá dúró, wọ́n mú ọmọkùnrin kan tó gbé kọ̀ǹpútà sẹ́yìn, wọ́n ní ọmọ Yahoo ni. Kí ni abala 35 wí? Ó lè dákẹ́ títí yóò fi bá lọ́yà rẹ̀ tàbí ẹni tó bá yàn sọ̀rọ̀. Láàárín wákàtí 24, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ìdí tí wọ́n fi mú un sílẹ̀ fún un, ní èdè tó gbọ́. Bó bá jẹ́ Yorùbá nìkan ló gbọ́, Yorùbá ni kí wọ́n kọ ọ́. Bí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan ni wọ́n ní láti gbé e débẹ̀. Ilé ẹjọ́ wà nínú Òṣogbo, a kò lè sọ pé ọ̀nà jìn. Bí ọ̀rọ̀ bá di ti ilé ẹjọ́, abala 36 ní kí wọ́n wá ògbufọ̀ fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Béèlì kò sì ní owó, ọlọ́pàá fúnra wọn ló kọ ọ́ sára ògiri àgọ́ wọn. Bí ó bá hàn pé wọ́n mú un láìtọ́, owó gbà-máà-bínú tọ́ sí i, ìtọrọ àforíjì ní gbangba sì tọ́ sí i pẹ̀lú. Àforíjì yẹn wà nínú ìwé òfin, a kì í sì í gbọ́ kí ènìyàn béèrè rẹ̀.

Nítorí pé wọn kì í béèrè, ìbínú kó jọ. Ní oṣù kẹwàá 2020 ó tú jáde ní oríta Ọláìyá, bó ti tú jáde káàkiri Nàìjíríà, lórí ìwà ẹ̀ka ọlọ́pàá tí wọ́n ń pè ní SARS. Gómìnà Gbóyèga Oyètọ́lá lọ bá àwọn ọ̀dọ́ níbẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù náà, ọ̀rọ̀ sì di ìjà, wọ́n kọlu ọkọ̀ rẹ̀. Ìjọba Ọ̀ṣun gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ bíi ti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn, àwọn tí ìyà jẹ sì wá sọ tẹnu wọn. Ẹ̀tọ́ láti péjọ wà ní abala 40, láti sọ̀rọ̀ ní abala 39. Abala 45 gba ìjọba láàyè láti fi ààlà sí wọn nítorí ààbò ìlú, ṣùgbọ́n ìjọba ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé ààlà náà bọ́gbọ́n mu. Ìfìyàjẹni ní àgọ́ ọlọ́pàá kò sí nínú ohun tí abala 45 gbà láàyè rárá.

Àwọn ibì kan wà tí òfin ẹ̀tọ́ ti ń kọsẹ̀. Ní oṣù kẹfà 2016, Adájọ́ Jídé Fálọlá ti Ilé Ẹjọ́ Gíga Ọ̀ṣun ní kí wọ́n jẹ́ kí ọmọbìnrin Mùsùlùmí lo hìjáàbù ní ilé ìwé ìjọba. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Kìrìsìtẹ́nì kan ní Ìwó wọ aṣọ akọrin lọ sí kíláàsì. Ìlú gbóná. Ilé Ẹjọ́ tó ga jù lọ gbè sẹ́yìn ẹ̀tọ́ hìjáàbù nínú ẹjọ́ ti Èkó ní 2022. Èrò tèmi ni pé ọmọ tó bo orí kò pa ẹnikẹ́ni lára, ojúṣe àgbà sì ni kí wọ́n má fi ọmọdé ja ogun ẹ̀sìn. Ibi kejì ni ọ̀rọ̀ owó oṣù. Ní 2015, òṣìṣẹ́ Ọ̀ṣun ń ka oṣù láìrí owó, àwọn olówó ìfẹ̀yìntì ń ṣubú lórí ìlà. Orí Kejì ìwé òfin ní kí ìjọba pèsè iṣẹ́, ìwòsàn àti ẹ̀kọ́, ṣùgbọ́n abala 6 ní ẹnikẹ́ni kò lè fi Orí Kejì gbé ìjọba lọ sí kóòtù. Àlébù ńlá ni, mo sì gbàgbọ́ pé àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ lónìí ni yóò tún un ṣe. Títí dìgbà náà, ìwé Áfíríkà tí Gani lò ní ẹ̀tọ́ sí iṣẹ́, ìwòsàn àti ẹ̀kọ́ nínú, ilé ẹjọ́ ECOWAS ní Abuja sì ń gbọ́ ẹjọ́ lórí rẹ̀.

Bí a ṣe ń pẹjọ́ ti rọrùn ju ti ayé Gani lọ. Abala 46 ní ẹni tí wọ́n bá tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, tàbí tó rí i pé wọ́n fẹ́ tẹ̀ ẹ́, lè lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga ní ìpínlẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ìlànà tí Adájọ́ Àgbà Idris Kutigi fi lélẹ̀ ní 2009 mú gbèdéke oṣù 12 kúrò, kò sí pé ènìyàn ń tọrọ àyè kó tó pẹjọ́ mọ́, ẹgbẹ́ tàbí aládùúgbò sì lè pẹjọ́ fún ẹni tó wà ní àhámọ́. Áfídáfíìtì tó sọ òótọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe lọ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Legal Aid Council wà fún ẹni tí kò lówó lọ́yà.

Ẹ̀yin tó ń kọ́ òfin ní Ifẹ̀tẹ̀dó àti ní Ifẹ̀, iṣẹ́ kan ń dúró dè yín. Ẹ kọ abala 35 ní èdè Yorùbá tó já gaara, kí ó má ju ojú ewé kan lọ. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ kó o wá sí Old Garage, kí ẹ pín in fún awakọ̀ kórópe, ọlọ́kadà, ọmọ tó ń ta káàdì àti ìyá tó ń ta ẹ̀wà. Ẹ jókòó ka a fún ẹni tí kò lè kà. Kí ẹ sì kọ nọ́ńbà lọ́yà kan tí yóò gbé fóònù rẹ̀ lóru sísàlẹ̀ rẹ̀.